Ta ló ni ilẹ̀ inú fóònù? Ìtàn láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé Ubuntuland

1/
Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àbúrò mi gbé fóònù wá bá mi nínú yàrá wa ní Máfòlúkù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, wọ́n ń ta ilẹ̀." Mo ní níbo? Ṣé Ìkòròdú ni àbí Ìbẹ̀jú? Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni." 🧵

2/
Ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ̀! Àbúrò mi yìí máa ń bá wọn gbé ẹrù ní ọjà Àswànì lọ́jọ́ Tuesday. Ó ti tọ́jú 45,000 náírà fún fọ́ọ̀mù JAMB àti ìwé tó máa kà. Owó yẹn ló fẹ́ fi ra ilẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí nìyí. Ó gùn o, ẹ wá nǹkan mu.

3/
Ẹ rántí bí ariwo ṣe pọ̀ tó nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2021, Mark Zuckerberg kéde pé ilé-iṣẹ́ Facebook ti gba orúkọ tuntun: Meta. Ó ní ohun tó kàn báyìí ni metaverse, ìyẹn ayé kan nínú kọ̀ǹpútà tí èèyàn á ti ní ara mìíràn, á máa rìn, á máa tajà, á lọ sí ìpàdé, á lọ síbi ijó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní kúrò nínú yàrá.

4/
Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn ju owó sókè lóde àríyá. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan fi san nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 dọ́là lórí ilẹ̀ ní Decentraland, ọ̀kan nínú àwọn ayé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní yẹ̀pẹ̀ o. Ilẹ̀ tí ewúrẹ́ kan ò lè jẹko lórí ẹ̀.

5/
Ilẹ̀ Áfíríkà náà ò gbẹ́yìn. Ní South Africa, ilé-iṣẹ́ tuntun kan tí Mic Mann àti Shayne Mann dá sílẹ̀, Africarare, gbé ayé tiwọn jáde ní 2021. Wọ́n sọ ọ́ ní Ubuntuland. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà ubuntu, ẹ mọ̀ pé ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní "èèyàn laṣọ mi". Wọ́n kọ́ ilé àwòrán síbẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ Áfíríkà, wọ́n sì gé ilẹ̀ ibẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, ó lé ní 200,000.

6/
Ní oṣù kejì 2022, MTN ra 144 nínú pulọ́ọ̀tì yẹn. MTN wa yìí náà ni o, tí wọ́n ń jẹ dátà yín. Ìròyìn gbé e kiri gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àbúrò mi gbọ́. Bó ṣe rò ó rọrùn: bí MTN bá ń ra ilẹ̀, ta ni èmi tí mi ò ní rà?

7/
Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ tí àbúrò mi mú wá bá mi kì í ṣe ti Ubuntuland. Kì í ṣe ti Decentraland náà. Inú grúùpù WhatsApp kan ni wọ́n ti ń tà á. Àwọn yẹn ní ayé tiwọn ń bọ̀ lọ́nà, pé ó máa ju ti Meta lọ, pé ẹni tó bá tètè rà ló máa jèrè. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan, àmọ́ wọ́n ti ní àkáǹtì báǹkì.

8/
Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ara mi ni pé ṣé nǹkan tuntun ni ayé inú kọ̀ǹpútà yìí? Rárá. Ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka èyí lọ.

9/
1986. Lucasfilm Games, ilé-iṣẹ́ ẹni tó ṣe fíìmù Star Wars, kọ́ ayé kan tó ń jẹ́ Habitat. Chip Morningstar àti Randy Farmer ló wà nídìí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà Commodore 64 ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, wáyà tẹlifóònù ló sì ń gbé e. Fóònù kékeré tí màmá yín fi ń pe kóòpù wọn lágbára jù kọ̀ǹpútà yẹn lọ fíìfíì.

10/
Àwọn méjèèjì padà kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ńlá ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ to eré ìwákiri ìṣúra kan sílẹ̀ fáwọn èèyàn. Ẹnì kan yanjú ẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Eré parí. Àwọn yòókù ò tíì mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀.

11/
Àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tò sílẹ̀ fún wọn ló wá gbilẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ja àwọn tó kù lólè, wọ́n ń pa wọ́n. Ará ìlú bínú, wọ́n dìbò yan ọlọ́pàá tiwọn. Ẹnì kan ń tẹ ìwé ìròyìn. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ àlùfáà lóòótọ́ lójú ayé, dá ìjọ sílẹ̀ nínú eré: ẹni bá wọ ìjọ náà ò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìjà. Àwọn kan ṣègbéyàwó.

12/
Ohun tí Morningstar àti Farmer rí dì mú nìyẹn: ohun tó ń sọ ibì kan di ìlú ni àwọn tó wà níbẹ̀ àti nǹkan tí wọ́n jọ ń ṣe. Ẹ̀rọ àti àwòrán tó dán ò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sápò, a ṣì máa padà síbẹ̀.

13/
Ní 1992, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Neal Stephenson, lo ọ̀rọ̀ náà "metaverse" nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Snow Crash. Inú ìwé ìtàn àròsọ ni Zuckerberg ti mú un o. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí.

14/
Lẹ́yìn náà ni Second Life dé, ní oṣù kẹfà 2003. Philip Rosedale àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Linden Lab, ló kọ́ ọ. Ibí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́ gan-an. O lè ra ilẹ̀, kí o kọ́lé sórí ẹ̀, kí o rẹ́ǹtì ẹ̀ fún ẹlòmíì, kí o gba owó ibẹ̀, kí o sì ṣẹ́ ẹ sí dọ́là gidi.

15/
Obìnrin kan tí wọ́n bí ní China tó ń gbé ní Jámánì fi iṣẹ́ ilẹ̀ yẹn là. Anshe Chung lorúkọ tó ń jẹ́ nínú eré. Ní 2006, ìwé ìròyìn BusinessWeek gbé àwòrán rẹ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, ó kéde pé ohun ìní òun nínú Second Life ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹ wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ya wọ ibẹ̀.

16/
Ibi tí owó bá sì wà, ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Báǹkì kan ṣí nínú Second Life, Ginko Financial. Wọ́n ń ṣèlérí èlé tó ga. Àwọn èèyàn kówó síbẹ̀. Ní 2007, owó tán. Àwọn oníbàárà tò sílà nídìí ẹ̀rọ ATM tó jẹ́ àwòrán lásán, wọ́n ń dúró de owó tí kò sí. Ní oṣù kìíní 2008, Linden Lab fòfin de irú báǹkì bẹ́ẹ̀.

17/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí MMM, nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa ní December 2016 ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Kérésìmesì dé, ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn òyìnbó ti jẹ MMM tiwọn ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, nínú géèmù.

18/
Ẹ̀yin tó máa ní "ilé-iṣẹ́ kékeré nìyẹn, ti àwọn ńlá ò lè kú", ẹ gbọ́ ti Google. Ní oṣù keje 2008, Google ṣí ayé tiẹ̀, Lively. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tì í pa. Kò pé oṣù mẹ́fà. Gbogbo yàrá táwọn èèyàn ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ síbẹ̀ pòórá. Ṣé owó ló wọ́n Google ni?

19/
There, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà pẹ̀lú Second Life, ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kẹta 2010, ó di 2012 kó tó padà. Second Life fúnra rẹ̀ ṣì wà, ó pé ogún ọdún ní 2023. Kí ló dé tí èyí ò kú? Lójú tèmi, ọ̀kan nínú ìdí ẹ̀ ni pé láti 2003 ni wọ́n ti sọ pé ohun tí o bá fọwọ́ ara ẹ kọ́ síbẹ̀, ìwọ lo ni iṣẹ́ ọpọlọ yẹn. Èèyàn kì í tètè sá kúrò níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà.

20/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹ máà sọ pé a ò ní irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo Nokia kékeré ní ọdún 2011, 2012, 2013, ẹ dìde dúró. 2go ńkọ́?

21/
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ló bẹ̀rẹ̀ 2go ní 2007. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni ìlú ẹ̀ ti gbòòrò jù. Kò ní àwòrán ilé kankan. Kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Yàrá ìtàkùrọ̀sọ ni, pẹ̀lú ìràwọ̀ àti oyè. O bẹ̀rẹ̀ ní Novice, o sì ń fi ojoojúmọ́ lálàá Ultimate. Mo mọ ẹni tí kò sùn ní ilé wa nítorí oyè yẹn. Èmi ni.

22/
Ibẹ̀ kún bí abẹ́ bíríjì Òṣòdì lálẹ́ Friday. Ìfẹ́ wà ńbẹ̀, jìbìtì wà ńbẹ̀, ìjà wà ńbẹ̀, ẹni tí kò rí owó jẹun ń jẹ́ "Alhaji Dollar" ńbẹ̀. Nígbà tí fóònù Android wá pọ̀, tí WhatsApp dé, gbogbo wa kó jáde. Ẹnikẹ́ni ò lé wa. Ojoojúmọ́ ni èèyàn ń dínkù, títí o fi wọlé lọ́jọ́ kan tí o kí yàrá, tí kò sẹ́ni tó dá ẹ lóhùn.

23/
Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ géèmù náà jẹ irú ìyà yìí lọ́nà mìíràn. Ní 2012, Abiola Olaniran dá Gamsole sílẹ̀. Fóònù Windows ni wọ́n ń kọ́ géèmù fún, mílíọ̀nù ìgbà ni wọ́n sì ti gba géèmù wọn sórí fóònù. Gidi Run wà nínú wọn. Àwọn ọmọ yìí ṣe bẹbẹ.

24/
Ṣùgbọ́n ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí? Microsoft. Ní 2014 Microsoft ra iṣẹ́ fóònù Nokia. Ní 2015 wọ́n ní ohun tó ju bílíọ̀nù méje dọ́là ti ṣòfò níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ fóònù Windows kú. Ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí onílẹ̀ bá kó lọ, kí ló fẹ́ ṣe?

25/
Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi padà sí àdúgbò wa. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Òṣòdì Tápà? Orúkọ tiẹ̀ làwọn àgbà ní a ń jẹ́ ní Òṣòdì. Ọmọ Tápà ni. Ó dé Èkó ní kékeré, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ láàfin Ọba. Wọ́n rán an lọ sí Brazil, ó padà wálé, ó sì wá di balógun fún Ọba Kòsọ́kọ́.

26/
Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òṣòdì Tápà bá a lọ, òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1862 wọ́n gbà fún wọn láti padà. Ilẹ̀ tí wọ́n fún Òṣòdì àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní erékùṣù Èkó ló ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ẹ wo orúkọ yẹn: àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀dó síbẹ̀.

27/
Ìlú tuntun nìyẹn ná. Ilẹ̀ wà, èèyàn wà, olórí wà. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tẹ́nikẹ́ni ò dáhùn lọ́jọ́ náà: ta ló ni ilẹ̀? Ṣé olóyè tí wọ́n fi ilẹ̀ lé lọ́wọ́ ni, àbí àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ tí wọ́n ń gbé inú ẹ̀? Nígbà tí ìjọba wá gba lára ilẹ̀ náà, ta ni kó gba owó gbà-máà-bínú?

28/
Ọ̀rọ̀ yẹn di ẹjọ́. Ẹjọ́ náà rìn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London ní 1930. Ìgbà tó di 1947 ni ìjọba ṣe òfin pàtó fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ ṣírò ẹ̀: láti 1862 sí 1947. Ọdún 85. Ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ ti kú, ọmọ ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ-ọmọ ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ ilé ẹjọ́. Ilẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ kàn nìyẹn o.

29/
Ẹ wá fi wé ilẹ̀ inú fóònù. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé "blockchain ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ". Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ẹ̀. Blockchain dà bí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ ẹ síbẹ̀ pé ìwọ lo ni pulọ́ọ̀tì yìí, ẹnì kan ò lè dá yọ́ lọ pa á rẹ́. Òótọ́ nìyẹn. Ó tiẹ̀ dáa ju àwọn ìwé ilẹ̀ kan l'Ékòó lọ.

30/
Àmọ́ ìwé ni ìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ náà, ọ̀nà ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ ló sábà máa ń gbé e ró. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n paná, ìwọ ṣì ní C of O lọ́wọ́. Ìlú tí C of O yẹn ń sọ ni kò sí mọ́.

31/
Ẹ ò sì tíì san owó ọmọ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀ náà! Lórí Ethereum, gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ rà tàbí tà ni wàá san owó iṣẹ́ fún ẹ̀rọ. Nígbà tí èrò bá pọ̀, owó yẹn lè ju owó ọjà tí o fẹ́ rà gan-an lọ. Ní tiwa, báńkì àpapọ̀ ti ní láti oṣù kejì 2021 pé kí àwọn báǹkì má bá ẹnikẹ́ni ṣe òwò kírípítò. Oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó tú okùn yẹn.

32/
Padà sí Òṣòdì. Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ Òṣòdì àtijọ́. Ọjà wà lórí ojú irin gan-an. Ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, wọ́n á ká ọjà, ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á tún tẹ́ ẹ. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Fashọlá wó gbogbo ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Aḿbọ̀dé wó ọjà Ọwọ́nifàrí, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò kọjá sí Ìsọ̀pàkódówó ní Bọ́ládé. Ní oṣù kẹrin 2019, Ààrẹ Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí.

33/
Àwọn kan pàdánù ohun gbogbo nínú ìwólulẹ̀ yẹn, mi ò ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Òṣòdì lálẹ́ òní. Kọ́ńdọ́ ṣì ń pariwo "Òṣòdì òkè!" Ẹni tó ń ta bàtà ti tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta ṣájà ti gbá ẹ lápá mú. Wọ́n wó ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èrò ò dínkù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo ti pàdé. Ọ̀nà Ágége, ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tì, Ìsọlọ̀, Ìkẹjà, Máìlì Méjìlá. Èèyàn ní ìdí tó fi ń kọjá níbẹ̀.

34/
Ohun tí mo sọ pé kẹ́ ẹ fi sápò nìyẹn. Habitat ní èèyàn láìní àwòrán tó dán. 2go ní èèyàn láìní ilé kankan. Lively ní owó Google, kò rí èèyàn dúró. Meta ńkọ́? Ẹ̀ka tó ń kọ́ metaverse wọn pàdánù bílíọ̀nù 13.7 dọ́là ní 2022, ó tún pàdánù bílíọ̀nù 16.1 ní 2023. Àwòrán wà. Òṣòdì kọ́ ni.

35/
Ìdí tí mi ò fi lè fi Africarare ṣe yẹ̀yẹ́ nìyí. Ohun tí wọ́n rò dáa: bí wọ́n bá máa kọ́ ayé tuntun, kí àwa náà wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí a má tún jẹ́ ayálégbé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń tà, láti Decentraland dé Ubuntuland. Ta ni wọ́n ń ta ìsọ̀ fún nígbà tí ọjà ò tíì ná? Nígbà tí iye kírípítò já wálẹ̀ ní 2022, owó ilẹ̀ inú àwọn ayé yìí bá a já.

36/
Nǹkan mìíràn tún wà. Láti wọ ayé yìí, o nílò iná, fóònù tó lágbára, dátà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun gé lápá Abidjan, báǹkì gan-an ò ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ní oṣù kìíní 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Ayé tuntun wà ní ìlẹ̀kùn, owó ọkọ̀ débẹ̀ ni ò sí.

37/
Àwọn tó ń rìn ín díẹ̀díẹ̀ wà o. Imisi 3D tí Judith Okonkwo dá sílẹ̀ ní Yábàá ní 2016 ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ayé yìí. Maliyo Games, tí Hugo Obi wà nídìí ẹ̀ láti 2012, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù ọ̀kadà àti géèmù ẹ̀fọn pípa. Ní 2024, àwọn ló ṣe géèmù oúnjẹ sísè tó bá Iwájú jáde, eré àwòrán alápá púpọ̀ ti Disney àti Kugali tó fi Èkó ọjọ́ iwájú ṣe ilé. Wọn ò ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́.

38/
Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ayé tuntun wá bá yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: àwọn wo ló wà níbẹ̀ lónìí, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Èkejì: bí ẹ bá paná lọ́la, kí ló kù sí mi lọ́wọ́? Ẹ̀kẹta: ṣé mo lè kọ́ nǹkan síbẹ̀ tí yóò jẹ́ tèmi, àbí rírà nìkan ni mo lè ṣe? Bó bá ń kólòlò lórí ìkejì, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

39/
Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó ti àbúrò mi, mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán. Ó dákẹ́. Ó ń fi ọwọ́ họ orí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti san ogún ẹgbẹ̀rún nínú ẹ̀ kí n tó wá bá yín." Ó ní àwọn ni wọ́n sọ pé pulọ́ọ̀tì tó wà létí òkun ti fẹ́ẹ́ tán.

40/
Oṣù kẹta lẹ́yìn ẹ̀, grúùpù náà di "only admins can send messages". Ọ̀sẹ̀ kan sí i, kò sí grúùpù mọ́. Ayé náà ò dé títí dòní. Wọ́n kàn fi àwòrán etí òkun gba owó ọmọ tó ń gbé ẹrù ní Àswànì.

41/
25,000 tó kù la fi ṣe JAMB. Ní báyìí ó ń fi kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ́ Blender, ohun tí wọ́n fi ń ya ilé àti ènìyàn 3D fún géèmù. Ilé àkọ́kọ́ tó yà? Abẹ́ bíríjì Òṣòdì. Dánfó wà ńbẹ̀, ìyá alágbàdo wà ńbẹ̀. Mo bi í pé èló ni pulọ́ọ̀tì ibẹ̀. Ó kàn ń wò mí ni.

42/
Ó tán. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fowó JAMB ra ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí i kó tó san. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: orúkọ wo lẹ̀ ń jẹ́ lórí 2go, oyè wo lẹ sì dé? Ẹ má parọ́ o.